Kọ̀ǹpútà Ilé, Òjò àti Ooru Kumasi

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n wá ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe lè yá àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní agbára kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀, kí iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń bá wọn ṣe yára, kí ooru má sì ba ẹ̀rọ jẹ́. N óò dé orí ọ̀rọ̀ fáànù àti eruku. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ìṣirò náà wà fún, torí ẹni tí kò mọ ìdí tí ẹ̀rọ rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ mọ́jú kò ní pẹ́ tí yóò fi pa á.

Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje ọdún 2016, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ láti Yúróòpù àti láti ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí gbé ẹ̀rọ ìwádìí kalẹ̀ sí ibi mẹ́ta. Ọ̀kan wà ní KNUST ní Kumasi níbí, yunifásítì tí gbogbo wa ń pè ní Tech. Èkejì wà ní Ṣábẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin, tí àwọn Faransé ń kọ ní Savè. Ẹ̀kẹta wà ní Ilé-Ifẹ̀. DACCIWA ni wọ́n pe ètò náà. Peter Knippertz, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Karlsruhe ní Jámánì, ló ṣe kòkárí rẹ̀, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ló sì náwó sí i. Bí àwọn tó wà nílẹ̀ ṣe ń ju bàlúùnù ìwádìí sókè ní Kumasi, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ òfuurufú mẹ́ta, ti Jámánì, ti Faransé àti ti Bìrìtìkó, ń gbéra láti Lomé láti lọ wọn afẹ́fẹ́ lókè. Nínú ojúkò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, méjì jẹ́ ilẹ̀ Yorùbá pọ́ńbélé. Ìkẹta ni ibi tí àwa tí a fi ilẹ̀ Yorùbá sílẹ̀ wá ń jẹ, tí a ń mu. N kò rò pé àwọn òyìnbó náà mọ̀ pé ìdílé kan ṣoṣo ni wọ́n ń bẹ̀ wò.

Kí ni wọ́n ń wá? Àwọsánmà tó sún mọ́ ilẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti sá aṣọ ní Asafo tàbí Oforikrom nínú oṣù keje mọ ohun tí mò ń wí. Ilẹ̀ á mọ́, oòrùn kò ní yọ, ojú ọ̀run á ṣú títí di nǹkan bí agogo mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá, aṣọ á sì wà lórí okùn láìgbẹ. Atẹ́gùn tútù láti etí òkun ló ń wọ inú ilẹ̀ lóru, tó ń mú kí àwọsánmà náà dì. Bí ó bá pẹ́ kó tó ká, ilẹ̀ kò ní gbóná tó, òjò ọ̀sán á sì yàtọ̀. Àwọn ètò ìṣirò tí wọ́n fi ń sọ ojú ọjọ́ lágbàáyé kì í rí àwọsánmà yìí ṣírò dáadáa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá síbí.

Ìṣirò òjò ní ìṣòro kan tó ju ìyẹn lọ. Láti ṣírò ojú ọjọ́, wọn á pín ilẹ̀ sí onígun mẹ́rin kéékèèké, wọn á sì máa ṣírò afẹ́fẹ́, ooru àti ọ̀rinrin inú ìkọ̀ọ̀kan wọn, ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú. Bí onígun mẹ́rin kan bá fẹ̀ tó kìlómítà 25 síhìn-ín àti sọ́hùn-ún, Kejetia, Tech, Suame àti Tafo á jọ wọ inú ẹyọ kan, òjò kan náà sì ni kọ̀ǹpútà máa rọ̀ fún gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀, ta ni nínú wa tí kò tíì kúrò ní Kejetia pẹ̀lú aṣọ tó rin gbindin, tó dé Ayeduase, tó bá ilẹ̀ gbígbẹ? Òjò tiwa máa ń tinú àwọsánmà gíga kan tó dá dúró, tó lè má fẹ̀ ju kìlómítà mélòó kan lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rí i nínú ìṣirò gbọ́dọ̀ gé ilẹ̀ sí wẹ́wẹ́.

Ohun tí ètò Africa Rainfall Project dáwọ́ lé ní oṣù kẹwàá ọdún 2019 nìyẹn. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Delft ní Nẹ́dálándì ló gbé e kalẹ̀, Nick van de Giesen sì wà lára wọn. Òun kan náà wà lára àwọn tó dá TAHMO sílẹ̀, àjọ tó ń ri ẹ̀rọ ìwọn ojú ọjọ́ mọ́lẹ̀ káàkiri Áfíríkà, Gánà náà pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà nínú ọgbà ilé-ìwé. Èròǹgbà TAHMO ni kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó 20,000 ní gbogbo ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà. Ìṣirò tí Africa Rainfall Project fẹ́ ṣe ni ti òjò gbogbo ilẹ̀ náà ní kìlómítà kan sí kìlómítà kan, kí wọ́n sì fi ohun tí ẹ̀rọ orí ilẹ̀ wọ̀n yẹ̀ ẹ́ wò.

Iṣẹ́ yẹn ju ohun tí kọ̀ǹpútà yunifásítì kan lè gbé. Wọ́n bá gé e sí ẹyọ-ẹyọ: apá ibì kan nínú ilẹ̀, ọjọ́ méjì nínú ọdún. Kọ̀ǹpútà ẹnìkan ní Toronto tàbí ní Bantama á gba ẹyọ kan, á ṣírò ọjọ́ méjì náà, á dá èsì padà, wọn á sì fi ibi tó parí sí bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ méjì tó kàn. Orí World Community Grid, ètò tó ń kó agbára kọ̀ǹpútà ilé jọ, ni wọ́n gbé e gbà. IBM ló dá ètò náà sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2004, òun ló sì ń bójú tó o títí di ọdún 2021 tó fi kéde pé òun fà á lé ilé-iṣẹ́ ìwádìí Krembil ní Toronto lọ́wọ́. Ètò tí ènìyàn máa gbé sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ni BOINC. Ọ̀fẹ́ ni. David Anderson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berkeley ní Amẹ́ríkà ló kọ ọ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe SETI@home, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 1999 tó sì gba ìsinmi ní ọdún 2020. Àwọn yẹn ń wá ẹ̀dá tó ń sọ̀rọ̀ láti inú ìràwọ̀. Wọn kò rí ẹnì kankan, ṣùgbọ́n wọ́n fi han aráyé pé kọ̀ǹpútà ilé tó pọ̀ lè ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá. Nígbà tí Kòrónà dé, tí àwọn ènìyàn ya wọ inú ètò mìíràn tó ń jẹ́ Folding@home, àpapọ̀ agbára kọ̀ǹpútà wọn kọjá ti kọ̀ǹpútà tó lágbára jù lọ láyé nígbà náà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìṣirò tó jìnnà sí wa ni. Láti ọdún 2006 títí ó fi parí ní ọdún 2016, MalariaControl.net fi kọ̀ǹpútà àwọn olùyọ̀ǹda ṣírò bí ibà ṣe ń ràn láti ara ẹ̀fọn sí ara ọmọ ènìyàn, àti ohun tí àwọ̀n ẹ̀fọn, oògùn tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára máa yí padà. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera kan ní Basel ní Switzerland ló darí rẹ̀. Ètò ìṣirò tí wọ́n lò níbẹ̀, OpenMalaria, wà lára mẹ́rin tí wọ́n fi ṣírò àǹfààní abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà tó ń jẹ́ RTS,S lẹ́yìn tí wọ́n dán an wò lára àwọn ọmọdé. Ibo ni wọ́n ti dán an wò? Agogo wà lára àwọn ibùdó náà, Agogo tiwa níbí ní ilẹ̀ Asante, Kintampo náà sì wà níbẹ̀. Ní ọdún 2019, Gánà wà lára orílẹ̀-èdè mẹ́ta tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ náà. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnìkan ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣírò ní òru, ẹ má ṣe fi ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ó tó, ẹ jẹ́ ká wọ inú ooru.

Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tó wà níta lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn tó ń gbé níbi tí yìnyín ti ń bọ́ ló kọ ọ́. Lọ́dọ̀ tiwọn, ooru tí kọ̀ǹpútà ń tú jáde wúlò. Nígbà òtútù, ẹlòmíràn á tan kọ̀ǹpútà mẹ́ta sí yàrá, á ní àwọn ń ṣe sáyẹ́ǹsì, ilé sì ń móoru, owó tí ì bá fi ra gáàsì ilé ló fi san iná. Gbogbo iná tí kọ̀ǹpútà bá jẹ ló ń di ooru. Ẹ̀rọ tó bá ń jẹ 200 wáàtì ń tú 200 wáàtì ooru sí yàrá, kò sí ibòmíràn tí yóò gbà. Ní Kumasi, ìwọ àti ooru yẹn lẹ máa jọ sùn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó wà ní Edinburgh á máa gba ọmọ Kumasi níyànjú pé kó ti ìsáré ẹ̀rọ rẹ̀ sókè. Èmi lòdì sí i. Ìmọ̀ràn mi ni kí a tì í wálẹ̀, kí a lè rí iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ó dún bí ọ̀rọ̀ alárìífín, nítorí náà n óò fi ìṣirò gbè é lẹ́yìn.

Ohun tó ń tu ọpọlọ kọ̀ǹpútà (processor) lára, ìyẹn irin onílàálàá pẹ̀lú fáànù orí rẹ̀, kò lè mú un tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ. Ohun tó lè ṣe ni kó jẹ́ kí ó fi iye kan gbóná ju afẹ́fẹ́ yẹn lọ. Ká ní ọpọlọ kan ń fi ìwọ̀n 45 gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ àṣekára. Nínú yàrá òtútù tó jẹ́ 20°C, á wà ní 65. Nínú yàrá wa ní ọ̀sán oṣù kejì, tí afẹ́fẹ́ jẹ́ 33°C, á di 78. Bí ẹ bá wá ti kọ̀ǹpútà náà sínú àpótí abẹ́ tábìlì, tí afẹ́fẹ́ inú ibẹ̀ ti di 42, ọpọlọ á dé 87, kò sì sí ohun tó bàjẹ́ lára ẹ̀rọ. Ibi tí ẹ gbé e sí ló fa ìwọ̀n mẹ́sàn-án yẹn.

Ọ̀pọ̀ ọpọlọ kọ̀ǹpútà Intel orí tábìlì ní òpin ní 100°C, ọ̀pọ̀ ti AMD ìran Ryzen 7000 sì ní tirẹ̀ ní 95. Bí ó bá dé ibẹ̀, kò ní jóná, ohun tí yóò ṣe ni pé yóò fúnra rẹ̀ dín ìsáré kù. Iṣẹ́ tí ẹ rò pé ẹ ń mú yára á wá máa falẹ̀, fáànù á máa pariwo, mítà á sì máa sáré. Ẹlòmíràn á tún wá ra ọpọlọ tó gbówó lórí sí i, á gbé e sínú àpótí ooru kan náà, á sì máa ṣe kàyéfì pé kò yàtọ̀.

Ìṣirò tí mo ní n óò ṣe nìyí. Iná tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà ń jẹ lórí iṣẹ́ máa ń bá ìsáré rẹ̀ lọ, ó sì ń bá fóltéèjì rẹ̀ lọ lọ́nà méjì, torí fóltéèjì náà fún ara rẹ̀ ni ẹ máa ṣe ní ìlọ́po. Ìsáré gíga kò sì ṣeé ṣe láìfi kún fóltéèjì. Ẹ jẹ́ ká mú ọpọlọ kan tó ń sáré ní 4.6 GHz pẹ̀lú fóltì 1.3. Ẹ dín in kù sí 4.0 GHz, kí fóltì di 1.1. Ìsáré tó lọ jẹ́ ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n fóltì 1.3 lọ́nà 1.3 jẹ́ 1.69, nígbà tí 1.1 lọ́nà 1.1 jẹ́ 1.21. Ẹ pa á pọ̀ mọ́ ìsáré tó dín kù, iná tó kù kò ju ìdá 62 lọ. Ẹ pàdánù ìdá 13 iṣẹ́, ẹ jèrè ìdá 38 iná, ìdá 38 ooru náà sì kúrò nínú yàrá yín. Tí ẹ̀rọ náà bá sì jẹ́ èyí tí ooru ti ń fà sẹ́yìn tẹ́lẹ̀, ẹ lè má pàdánù ìdá 13 náà rárá, torí ìsáré gíga tó wà lórí páálí kò fi ìgbà kan tẹ̀ yín lọ́wọ́ lọ́sàn-án Kumasi.

Báwo la ṣe ń ṣe é? Ọ̀nà tó rọrùn jù lọ wà nínú Windows fúnra rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ Power Options sí. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń béèrè Maximum processor state, ẹ yí 100 padà sí 99. Ìdá kan péré ló jọ pé ẹ yọ, ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń pa ìsáré àfikún tí ọpọlọ máa ń fi kún tirẹ̀, ìyẹn gan-an tó ń gba fóltì tó pọ̀ jù. Àwọn tó ní kọ̀ǹpútà AMD lè rí Eco Mode nínú BIOS. Àwọn tó ní káàdì àwòrán ńlá, tí iṣẹ́ tí wọ́n gbà sì ń lo káàdì náà, lè dín agbára iná rẹ̀ sí ìdá 70. Ìsáré tó máa bá a lọ máa ń kéré gan-an sí iná tó bá a lọ. Òjò Africa Rainfall Project kò lo káàdì àwòrán, orí ọpọlọ kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ wà.

Lórí ìṣirò òjò yìí, ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí. Ètò tí wọ́n fi ń ṣe é ń jẹ́ WRF, ó sì ń pe mẹ́mórì kọ̀ǹpútà ṣáá. Onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ètò náà ń mú nọ́ńbà wá láti inú mẹ́mórì, ó ń dá a padà, láìdákẹ́. Ẹni tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní core mẹ́jọ, ìyẹn apá mẹ́jọ tó ń ṣírò, tí Windows ń kà ní mẹ́rìndínlógún, á fẹ́ gba ẹyọ òjò mẹ́rìndínlógún lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni pé gbogbo wọn á tò síwájú mẹ́mórì, ẹnìkan ń retí ẹnìkan. Ẹ fún un ní mẹ́rin tàbí mẹ́fà, kí ẹ wo wákàtí tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ó ṣeé ṣe kí iye tó ń parí lọ́jọ́ kan má fi bẹ́ẹ̀ dín kù, ooru á sì wálẹ̀ kíá. Ẹni tó bá ní ẹyọ mẹ́mórì kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà tó ní àyè méjì, kó ra èkejì rẹ̀ ní Adum kó tó ra ohunkóhun mìíràn. Ó máa sún iṣẹ́ òjò síwájú ju ọpọlọ tuntun lọ.

Nínú BOINC, ẹ máa rí ibi méjì tí wọ́n ti ń béèrè ìdá mélòó. Èkíní ní kí ẹ sọ ìdá mélòó nínú àwọn core tí ẹ gbà láyè, èkejì ní kí ẹ sọ ìdá mélòó nínú àkókò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á yára lọ sí èkejì, wọn á kọ 60. Ohun tó ń ṣe nígbà náà ni pé kí ọpọlọ sáré, kó dúró, kó sáré, kó dúró, ní ìṣẹ́jú àáyá sí ìṣẹ́jú àáyá. Ooru ń lọ sókè sódò, fáànù ń ké, ó ń dákẹ́, ó ń ké. Ẹ fi ti àkókò sílẹ̀ ní 100, kí ẹ dín ti core kù. Kí ẹ sì fi àmì sí ibi tó ní kí iṣẹ́ tó dúró díẹ̀ máa wà nínú mẹ́mórì. Bí ẹ kò bá ṣe é, nígbàkigbà tí ọmọ yín bá wá tẹ iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀, tí BOINC dúró fún un, ìṣirò á padà sẹ́yìn sí ibi tó ti fi iṣẹ́ pamọ́ gbẹ̀yìn. Ibi ìfiṣẹ́pamọ́ àwọn ẹyọ òjò yìí sì jìnnà síra wọn.

Eruku. Mo ní n óò dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó wà nílé wa jẹ́ tòkunbọ̀. Wọ́n ti fi ọdún púpọ̀ ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì òyìnbó kí wọ́n tó wọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì gbé eruku ọ́fíìsì náà wá. Tí ọyẹ́ bá wá dé, eruku Bodélé láti Chad á fi tirẹ̀ kún un. Ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà kan tó ti la ọyẹ́ méjì kọjá ní Kumasi, kí ẹ tú fáànù orí ọpọlọ rẹ̀ kúrò. Lábẹ́ rẹ̀, láàárín àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ náà, ẹ ó rí ohun kan tó dì bí òwú ìrọ̀rí, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀, tó dí gbogbo ojú àlàfo. Fáànù ń yí, afẹ́fẹ́ kò kọjá. Àwọn ọmọ Suame Magazine tó ń fọ rádíétọ̀ á rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá rí i, torí wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tó rí bẹ́ẹ̀ kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn ti tó fún un. Ẹ fi ìka di fáànù mú kó má yí nígbà tí ẹ bá ń fẹ́ ẹ, torí atẹ́gùn alágbára lè mú un yí ju bó ṣe yẹ lọ kó ba inú rẹ̀ jẹ́. Ìta ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ di imú.

Bí ẹ bá ti tú u dé ibẹ̀, ẹ wo thermal paste, ìyẹn ọ̀rá tó wà láàárín irin náà àti ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Nínú tòkunbọ̀, ó sábà máa ń ti gbẹ bí ẹ̀kọ àná tó sá sóòrùn. Ẹ nù ún kúrò pẹ̀lú sípírítì, ẹ fi tuntun tó kéré sí àárín, bí ẹ̀wà kan, ẹ tẹ irin lé e, ẹ so ó padà. Ohun tí ìyẹn ń ṣe fún ẹ̀rọ tó ti gbó máa ń ya onílé lẹ́nu, owó rẹ̀ kò sì pọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ibi tí ẹ gbé e sí. Ẹ gbé e kúrò nínú àpótí, ẹ gbé e kúrò lórí kápẹ́ẹ̀tì, kí ẹ̀yìn rẹ̀ jìnnà sí ògiri. Ẹ gbé e sí itòsí fèrèsé tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, kì í ṣe ibi tí òjò ti ń fọ́n wọlé o. BOINC ní ibi tí ẹ ti lè sọ wákàtí tó lè ṣiṣẹ́. Láti agogo mẹ́wàá alẹ́ sí agogo méje àárọ̀ dára, torí yàrá ti tutù, ẹ sì ti sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní láti tan ẹ̀rọ amúlétutù nítorí kọ̀ǹpútà, kó pa méjèèjì. Iná tó máa lò láti lé ooru jáde kò ní jẹ́ kí ìrànwọ́ náà jọ ohunkóhun mọ́.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Ẹ jẹ́ kí n fi yúníìtì sọ ọ́, torí iye yúníìtì kan ń yí padà, ẹ̀yin lẹ mọ iye tí ẹ rà á lórí prepaid yín láàárọ̀ yìí. Ọpọlọ tó ń jẹ 100 wáàtì tọ̀sántòru á jẹ yúníìtì 2.4 lójúmọ́, 72 ní ọgbọ̀n ọjọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dín in sí 62 wáàtì bí mo ṣe ṣàlàyé, kò ní ju 45 lọ. Bí òru nìkan lẹ bá sì lò, fún wákàtí mẹ́sàn-án, á wálẹ̀ sí bíi 17. Mo ń sọ ti ọpọlọ nìkan, kọ̀ǹpútà tó kù náà ń jẹ tirẹ̀. Ẹ jókòó pẹ̀lú ẹni tó ń san owó iná nílé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ bá wà nílẹ̀, òjò Áfíríkà á dúró dè yín.

Àti dumsor, ọ̀rọ̀ iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ kò ní kí n máa ṣàlàyé dumsor fún ará Kumasi. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé nígbà tí iná bá lọ lójijì, ẹyọ òjò á padà sí ibi ìfiṣẹ́pamọ́ tó kọjá, wákàtí tó ti lò láti ìgbà náà á ṣòfò. Nítorí náà, ẹni tí iná rẹ̀ máa ń lọ lálaalẹ́, kó má gba iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀. Kó gba ìwọ̀nba tó lè parí kí gbèdéke tó pé, torí iṣẹ́ tí kò dé lásìkò, wọn á ti fi rán ẹlòmíràn. Data náà ń lọ, torí fáìlì òjò tóbi. Bí ó bá jẹ́ lórí bọ́ńdù fóònù lẹ ń lò ó, ẹ yan iṣẹ́ tí fáìlì rẹ̀ kéré. World Community Grid ní ti àrùn jẹjẹrẹ, tó fúyẹ́ ju ti òjò lọ. Ẹ wo èyí tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀, torí iṣẹ́ kan lè dúró fún ìgbà díẹ̀ kó tún padà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ràn kí ẹ fipá mú ọpọlọ sáré ju bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é, ẹ gbọ́ èyí. Kọ̀ǹpútà tó gbóná jù, tí fóltì rẹ̀ kò sì tó ìsáré rẹ̀, lè ṣi ìṣirò ṣe láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Géèmù á kàn fi àwòrán kan hàn tó já, ẹ kò ní fura. Nínú ìṣirò sáyẹ́ǹsì, nọ́ńbà kan tó yẹ̀ á tàn kálẹ̀ nínú gbogbo èyí tó tẹ̀lé e. Nítorí ìyẹn, ọ̀pọ̀ irú ètò yìí ń fi ẹyọ kan náà ránṣẹ́ sí ilé méjì, tí èsì méjèèjì kò bá bá ara wọn mu, wọn á wá ẹnìkẹta. Tí tiyín bá jẹ́ èyí tó yàtọ̀, gbogbo òru yẹn, gbogbo yúníìtì yẹn, wọn kò kà á sí. Lójú tèmi, ẹyọ tí wọ́n gbà wọlé ló yẹ kí ènìyàn máa kà. Ẹ má wo GHz. Kí ẹ wo ojú ìwé tí wọ́n ń kọ iye tí ẹ parí sí lọ́sẹ̀ kan, kí ẹ dín ìsáré kù, kí ẹ sì wo ọ̀sẹ̀ kejì.

Láàpútọ́ọ̀pù yàtọ̀. Fáànù rẹ̀ kéré, bátìrì rẹ̀ sì sùn ti ooru. Ẹni tó bá gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, tó jẹ́ kó ṣírò mọ́jú, bátìrì lè wú, ó sì lè fa iná. Bí ẹ bá máa lò ó, orí tábìlì líle ni, kí ẹ̀yìn rẹ̀ ga díẹ̀, core méjì péré, kí bátìrì má kọjá ìdá 80 bí ẹ̀rọ náà bá gbà yín láyè láti dín in kù. Fóònù Android náà lè ṣe BOINC. Àwọn tó kọ ọ́ ti ṣètò rẹ̀ pé kó máa ṣiṣẹ́ nígbà tó bá wà lórí iná, tí bátìrì ti ní ìdá 90, tí ooru bátìrì kò sì kọjá 40°C. Ní ọ̀sán Kumasi, ẹ ó rí i pé fóònù yín kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ má yí 40 yẹn padà.

Àwọn àgbà ti béèrè lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà pé ṣé kọ̀ǹpútà àwọn kò ní tètè kú. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí kò kọjá 75 kì í sábà jẹ́ ohun tó máa kọ́kọ́ lọ. Fáànù ló máa kọ́kọ́ lọ, ẹ ó gbọ́ ọ nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ọlọ ata, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Èyí tó ń já mi láyà ju ooru lọ ni iná tó padà dé pẹ̀lú fóltì tó ga lẹ́yìn dumsor. Kí ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí ra stabilizer kó tó ra káàdì.

Mo ti rí i pé àwọn kan gbé láàpútọ́ọ̀pù wọn wá. Mo ní screwdriver, búrọ́ọ̀ṣì àti thermal paste nínú àpò mi. Ẹ tò ó sórí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ pa á kí ẹ tó gbé e wá, kí ẹ sì yọ cháájà rẹ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó nawọ́.